Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Bí A Ṣe Ń Múra Lọ sí Ọ̀dọ̀ Dókítà Ojú

Ìyá kan wà ní kíláàsì àgbà wa. Ata ni ó ń tà ní ọjà. Ó ní kí a má kọ orúkọ òun sínú ìwé, nítorí náà Ìyá Aláta ni a ó máa pè é. Ó lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ìyá Aláta kì í pẹ́ dé kíláàsì. Ó mọ owó kà dáadáa. Gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, orí ni ó fi ń mú un. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ka ìwé, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò kọsẹ̀. Yóò pe “b” ní “d.” Yóò fo ìlà kan, yóò bọ́ sí òmíràn. Àwa olùkọ́ a máa sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ fi ọkàn sí i.” A sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sọ ọ́ títí ó fi dákẹ́. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá mọ́.

A lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Orí mi ti gbó. Ńṣe ni lẹ́tà yẹn ń rìn bí èèrà lójú mi.”

Ọ̀rọ̀ èèrà yìí ni ó là wá lójú. A mú ìwé jáde, a ní kí ó nà án síwájú, kí ó jìnnà sí ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ tán. Ó wò ó. Ó ní, “Ba-ba ra a-ṣọ.” Ó tún un kà, ó sì rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ kò gbó rárá. Ojú rẹ̀ ni. Àwa tí a ń bá a wí, àwa gan-an ni a jẹ̀bi.

A sọ fún un pé kí ó lọ rí dókítà ojú. Ṣùgbọ́n a kò sọ bí a ti ń múra lọ fún un. Ìyẹn ni ẹ̀bi wa kejì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí ó ju ìwé kíkà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni ó ń ṣe ojú àgbà?

Nínú ojú wa, lẹ́yìn ọmọlójú dúdú, ohun kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi. Òun ni ó ń jẹ́ kí ojú wo òkèèrè, kí ó sì tún wo nítòsí. Bí ènìyàn bá ti tó ẹni ogójì ọdún, ohun yìí ti ń le. Kò lè yí ara rẹ̀ padà bí i ti àtẹ̀yìnwá láti wo ohun tí ó wà nítòsí. Bí ó ti ń ṣe olówó ni ó ń ṣe tálákà. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Awò ojú tí a fi ń kàwé ni àtúnṣe rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀ràn kékeré yìí. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ mẹ́ta.

Èkíní ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kátáráátì. Ohun tí ó mọ́ gaara yẹn ni ó di funfun, bí ìgbà tí ìrì bo gíláàsì fèrèsé. Ẹni tí ó ní in a máa ríran bí ẹni tí ó wà nínú ọyẹ́. Kò sí àgbo tí ń wò ó, kò sì sí oògùn tí a lè kán sí ojú tí yóò ká a kúrò. Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà yóò yọ èyí tí ó ti bàjẹ́, yóò fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí àrùn mìíràn nínú ojú náà, yóò tún ríran.

Èkejì ni gulukóómà. Omi kan wà nínú ẹyinjú. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbára omi yìí ni ó máa ń pọ̀ jù, tí yóò sì máa pa iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Àrùn yìí burú, nítorí kì í sábà dùn ni. Ìran ẹ̀gbẹ́ ni ó máa kọ́kọ́ kú, ìran iwájú ni ó ń kú kẹ́yìn. Ẹni náà yóò rò pé ojú òun dára, kò ní mọ ìdí tí òun fi ń kọlu ilẹ̀kùn. Èyí tí ó bá ti kú kò tún ní jí mọ́. Èyí tí ó kù nìkan ni oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bò. Gulukóómà sì máa ń rìn nínú ẹbí.

Ẹ̀kẹta ni ìpalára tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ yẹ ojú wò lọ́dọọdún, bí ojú náà tilẹ̀ ń ríran.

A ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà láti ọdún 2005 sí 2007. Ó fi hàn pé nínú 100 àgbà tí ó ti fọ́ lójú, kátáráátì ni ó fọ́ nǹkan bí 43, gulukóómà ni ó sì fọ́ nǹkan bí 17. Ó tún fi hàn pé nínú 100 yìí, ó lé ní 80 tí ìfọ́jú wọn ṣeé dènà tàbí tí ó ṣeé wò. Ẹ tún ìyẹn kà.

Nítorí náà, ẹni tí ó kàn ra awò lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, tí ó sì ní ọ̀ràn ti parí, ẹni náà lè ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa pa làpálàpá. Awò lè jẹ́ kí a ríwèé kà. Kò lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú fún wa.

Bí Ìyá Aláta ti lọ nígbà àkọ́kọ́

Òun nìkan ni ó dá lọ. Kò jẹun. Ó lé tìróò dáadáa, nítorí ó ń lọ sí òde.

Dókítà bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn kankan sí ojú?” Ó ní, “Rárá o, Dókítà.” Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń kán an. Ọwọ́ ẹni tí ń kiri ọjà ni ó ti rà á, nígbà tí èéfín àti ata ń mú ojú rẹ̀ pọ́n. Kíá ni pípọ́n náà máa ń lọ. Ẹ̀rù bà á pé dókítà yóò jágbe mọ́ òun, ni kò fi sọ.

Dókítà tún bi í pé, “Ta ni ojú ti fọ́ rí nínú ẹbí yín?” Ó ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kékeré ni ó ń fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kiri kí bàbá náà tó kú. Ó rò pé ogbó ni.

Wọ́n kán oògùn sí i lójú láti la ọmọlójú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó jáde sí ìta, oòrùn bá a lójú bí iná. Kò rí ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ó ṣubú sí etí gọ́tà, orúnkún rẹ̀ bó. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ òun tẹ ibẹ̀ mọ́.

A lọ kí i, a sì rí ìgò náà lórí tábìlì. A kà á. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a lò ó mọ ti kọjá. A mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó gba ìwé ẹ̀rí nípa oògùn pípò. Ó ní irú oògùn tí a ń pè ní sitẹ́rọ́ìdì ni ó wà nínú rẹ̀. Dókítà máa ń lò ó fún àrùn kan. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń dá a lò fún ìgbà pípẹ́, ó lè gbé agbára omi inú ojú sókè, ó sì lè fa kátáráátì. Ohun tí ń lé pípọ́n ojú lọ lè máa pa ojú náà ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Aláta gbọ́ èyí, ó fi ọwọ́ lérán. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wá bírò.” Àwa méjèèjì jókòó, a sì kọ ìwé kan.

Ohun tí a ó ṣe kí ọjọ́ náà tó pé

1. Ẹ kọ ohun tí ń ṣe yín sílẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá dé iwájú dókítà, ìdajì ọ̀rọ̀ a máa bọ́ lọ. Ìwé kì í gbàgbé. Bí ìwé Ìyá Aláta ti rí nìyí:

“Mi ò rí ìwé kà bí ó bá sún mọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Orí máa ń fọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń kọlu nǹkan ní apá òsì. Mo ń kán oògùn yìí láti ọdún méjì, mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Bàbá mi fọ́ lójú kó tó kú. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru.”

2. Ẹ bi àwọn ẹbí léèrè. Ta ni ojú rẹ̀ fọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà? Ẹ má ṣe sọ pé ogbó ni, kí ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀.

3. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, àti ti ojú, àti ti ara. Bí ó bá jẹ́ àgbo ni, tàbí omi àlùbọ́sà, tàbí ìtọ̀, tàbí omi ọmú ni a ti kán sí ojú rí, ẹ sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè kó kòkòrò àrùn sínú ojú, ẹ má ṣe kán wọn mọ́.

4. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn àti awò ojú àtijọ́, bí ẹ bá ní. Ẹ ti béèrè iye owó tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ owó má bàa lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà.

5. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò fà yín lọ́wọ́ nígbà ìpadàbọ̀. Bí wọ́n bá kán oògùn tí ń la ọmọlójú, ìran yóò ṣe bàìbàì fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀, ẹ má sì ṣe gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà fúnra yín lọ́jọ́ náà. Ẹ mú fìlà tàbí agboòrùn dání.

6. Ẹ jẹun, nítorí ìdúró níbẹ̀ máa ń pẹ́. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ bí ẹ ti ń lò ó, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ má lò ó.

7. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ojú. Ẹ má ṣe lé tìróò. Òjé máa ń wà nínú tìróò, kò sì dára fún ara, pàápàá ti ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Àwọn ọ̀ràn kan wà tí kò gba ìmúra. Bí ojú bá ṣú lójijì, bí nǹkan bá gún ojú, bí ojú bá ń dunni gidigidi tí ó sì pọ́n, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọmọ kékeré bá ní funfun nínú ọmọlójú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ pẹ́. Bí ásíìdì, ẹfun ìkọ́lé tàbí símẹ́ńtì bá ta sí ojú, omi mímọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa dà sí i láìdáwọ́ dúró fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà ẹ sáré lọ.

Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ka ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá bí i UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti èyí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ béèrè èyí tí ó sún mọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì yóò ní kí ẹ dúró ní iwájú pátákó tí a kọ lẹ́tà sí, ńlá lókè, kékeré nísàlẹ̀. Dókítà kan ní ilẹ̀ Hóláńdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Herman Snellen, ni ó ṣe irú pátákó yìí jáde ní ọdún 1862. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, lẹ́tà E nìkan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á da ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, sísàlẹ̀, sí ọ̀tún, sí òsì. Ẹni náà yóò fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ kọjú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ lè pe lẹ́tà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe méfò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ pé ẹ kò rí i. Ìdánwò kọ́ ni, kò sí ẹni tí yóò fún yín ní máàkì.

Wọ́n á kọ nọ́ńbà sínú káàdì, bí i 6/6 tàbí 6/60. Ẹ lè kà á fúnra yín. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye mítà tí ẹ fi jìnnà sí pátákó. Èkejì ni iye mítà tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká lè dúró sí kí ó sì ka ìlà kan náà. Ojú tí ó jẹ́ 6/6 dára. Ojú tí ó jẹ́ 6/60, ohun tí ẹlòmíràn ń kà láti mítà 60, ó di ìgbà tí ó bá sún mọ́ ọn dé mítà 6 kí ó tó kà á.

Lẹ́yìn èyí, dókítà yóò tan iná wo inú ojú, yóò sì wọn agbára omi inú rẹ̀. Kì í dùn ni.

Kí ẹ tó dìde kúrò níwájú dókítà

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀:

Kí ni orúkọ ohun tí ó ń ṣe mí?
Ojú wo ni mo ń kán oògùn sí, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?
Títí di ìgbà wo?
Ọjọ́ wo ni kí n padà wá?

Nígbà tí ẹ bá ń kán oògùn, ẹ fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Ẹ kán ẹ̀kán kan, ẹ pa ojú dé, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáàrin wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣeé lò mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má ṣe fi oògùn yín ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Bí Ìyá Aláta ti padà lọ

Ó padà lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kàn án, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó na ọwọ́ tán, ó sì kà á fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó dé ibi tí ó gbé sọ pé, “mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́sí,” ó dúró díẹ̀. Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyí.”

Wọ́n tún ojú rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Gulukóómà ni. Ìran ẹ̀gbẹ́ ojú òsì ti kú díẹ̀. Dókítà ní, “Èyí tó ti lọ, ó ti lọ. Èyí tó kù, àwa pẹ̀lú yín la jọ máa ṣọ́ ọ.” Ó gba ìgò àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán ní alaalẹ́, àti awò tí yóò fi máa kàwé. Ó sì ní kí gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ wá yẹ ojú wò.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ojú òun le koko. Ìyá Aláta fà á lọ. Wọ́n bá àrùn náà lójú òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tí ì pa nǹkan kan. Ìyẹn ni èrè ìwé kékeré tí a kọ lórí tábìlì ata.

Ìyá Aláta ti padà sí kíláàsì. Bí ó bá rí ẹni tuntun tí ó ń di ojú pọ̀ láti kàwé, kì í dúró dè wá. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Ìwọ, na ìwé yẹn síwájú ná.”

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ tètè lọ, kí ẹ sì sọ òtítọ́ tí ẹ bá débẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí Ìyá Aláta fi rò pé orí òun ti gbó?
2. Ohun méjì wo ni kò sọ fún dókítà nígbà àkọ́kọ́?
3. Nínú kátáráátì àti gulukóómà, èwo ni iṣẹ́ abẹ lè dá ìran rẹ̀ padà? Èwo ni ìran tí ó pa kì í padà?
4. Kí ni ìtumọ̀ 6/60?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ẹ ó sọ fún dókítà nípa ojú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tí ó dàgbà jùlọ nínú ẹbí yín nípa ojú àwọn baba àti ìyá ńlá yín. Ẹ kọ ìdáhùn náà sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú káàdì yín.